Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Lé Mi Kúrò Nídìí Wọ́ọ̀tì

Ojo ni mí. Ó yá kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó bá mi sọ ọ́. Bí ajá bá gbó mi ní Ìlódè, ó di Ìrẹ̀mọ kí n tó bojú wẹ̀yìn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì rò pé ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú, nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé ẹgba wà níwájú. Síbẹ̀, nínú ẹbí ìyàwó mi, èmi ni wọ́n máa ń nàka sí bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ọmọ níwà. Wọ́n á ní, "Ẹ wo ọkọ ẹ̀gbọ́n yín, ẹni tó jẹ́ kí ẹ̀bùn ńlá bọ́ lọ́wọ́ òun, kó ṣáà lè dọ̀bálẹ̀ fún àgbà." Ó pẹ́ tí mo ti ń lá oyin orúkọ yìí. N kò fìgbà kan la ẹnu sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní báyìí tí ẹni tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ti lọ síbi tí àgbà ń lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ bó ṣe rí gan-an.

Rédíò ni mo ń tún ṣe ní Sábó nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ, bí orúnkún wọn kò bá ní máa kanra. Iṣẹ́ iná sì niṣẹ́ rédíò. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, irin tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì á tutù, èmi náà á tutù tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé Ifẹ̀ láyé ìgbà náà mọ̀ pé iná kì í jókòó pẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́ọ̀tì ti wọlé sí mi lára. Iná á lọ, aránbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á yọ orí: "Onírédíò, gbé ọjà jáde!" Kí ó tó dákẹ́, káàdì ti délẹ̀.

Wọ́ọ̀tì kò ṣòro. Àwòrán márùn-ún ló wà lára àwọn káàdì náà, ìràwọ̀ wà níbẹ̀, àgbélébùú wà níbẹ̀, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán tàbí nọ́ńbà tí ẹni tó ṣáájú rẹ bá jù sílẹ̀ ni kí ìwọ náà jù. Bí o kò bá ní, o lọ sọ́jà nìyẹn: wàá mú ọ̀kan sí i nínú àwọn tó dojú bolẹ̀ láàrin. Ẹni tí tọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló jẹ. Bó bá ku ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ, o gbọ́dọ̀ pariwo "láàsì káàdì" kí gbogbo ayé gbọ́. Bí o bá gbàgbé, ọjà tún ni. Àgbà gbogbo wọn ni ogún. Orí ohunkóhun ni ènìyàn lè jù ú lé, ẹni tó bá sì jù ú ló máa pàṣẹ àwòrán tó wù ú. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn bá jẹ, tí ogún sì kú sí ọ lọ́wọ́, ogún náà ni wọn ó kà sí ọ lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ìlú máa ń ṣe ìdíje rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, lọ́sàn-án Sátidé. Ìdíje ńlá ni. Àwọn ará Modákẹ́kẹ́ á wá, ará Ẹdúnàbọ̀n á wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀ kalẹ̀ láti yunifásítì. Mẹ́rin ní ń jókòó sídìí tábìlì kan. Bí ẹnì kan bá ti jẹ, àwọn mẹ́ta tó kù á ka ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù, kó dìde, kó máa lọ sílé.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ, ogún bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ ẹlòmíràn nìyẹn, ìdààmú tèmi ni. Mo ní tí mo bá jù ú báyìí, tí ọ̀ràn bá tún dé lẹ́yìn èyí ńkọ́? Mo bá ń tọ́jú rẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Wọ́n rán mi lọ sọ́jà, mo lọ. Wọ́n tún rán mi, mo tún lọ, ogún sì wà lọ́wọ́ mi. Ibi tí mo ti ń dúró de ìṣòro tó tó ogún ni ọmọdébìnrin kan ti jẹ. A kà, tèmi pọ̀ jù lọ́nà jíjìn. Ẹ̀bà tí mo jẹ kí n tó kúrò nílé kò tíì dà nínú mi tí mo fi padà dé Sábó. Aránbàtà rí mi, ó ní, "Háà, ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Mo ní, "Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ti parí."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọbìnrin kan gbé rédíò wá. Rédíò onígi ni, ó wúwo bí àpótí aṣọ.

Ó ní, "Bàbá mi ní kò sọ̀rọ̀ mọ́."

Mo ní, "Ṣé rédíò ni kò sọ̀rọ̀ mọ́, àbí Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló ṣe mí léṣe. Wáyà kan péré ló já nínú rédíò yẹn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n mo ní, "Ẹ padà wá lọ́la." Ó padà wá. Mo tún ní lọ́la. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dá ọ̀la fún un, kí n ṣáà lè máa rí i. Níbi ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló sọ pé, "Ẹ̀yin yìí, bó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ rí, ẹ sọ. Bàbá fẹ́ gbọ́ ìròyìn." Ó ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ nígbà náà ní Lágere, ó sì ti ń múra àtigba fíríídọ̀mù.

Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Òun ló ń yẹ kòkó àwọn àgbẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ ló ti fi ń fọ́ kòkó wò bóyá inú rẹ̀ dára, ó sì dà bíi pé kò mọ ọ̀nà mìíràn láti fi wo ènìyàn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ kí i, ó jókòó lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Kò tètè wò mí.

"Ìwọ onírédíò yìí."

"Bàbá."

"Ṣé o máa ń mutí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o máa ń ta káàdì?"

Wọ́ọ̀tì wà lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Mo jókòó lé e lórí ni. Mo ní, "Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, sà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Haraamu ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan, oko kòkó bàbá wa ló fi ta káàdì. Ó ta á lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilẹ̀ kò tíì ṣú tí oko fi lọ. Ẹni tó bá ń ta káàdì kò ní fẹ́ ọmọ mi, ì báà jẹ́ ọmọ ọba."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Kí ni mo ń dúpẹ́ fún? Ẹ̀rù ló ń dúpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbé wọ́ọ̀tì jù sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́. Iná á lọ, aránbàtà á pè, mo máa ń ní orí ń fọ́ mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìdíje ọdún kejì fi kù dẹ̀dẹ̀. Ìgbà náà ni ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ẹni tó bá borí lọ́dún náà, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ tuntun ni wọn ó fún un. Mo lọ wò ó. Wọ́n gbé e sí ojú pèpéle nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi aṣọ òdòdó bò ó bí ìyàwó. Oorun kò kùn mí mọ́. Ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ máa gba fíríídọ̀mù, kò sì ní ẹ̀rọ.

Mo sọ fún un. Ó fa ojú ro.

"Ẹ má lọ o. Ẹ̀rọ yíyá ò lè pa mí."

"Bí mo bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Bí Bàbá bá gbọ́ ńkọ́?"

Mo ní, "Níbo ni Bàbá á ti gbọ́? Ṣebí ọwọ́ mi ni rédíò wọn wà."

Òótọ́ ni. Rédíò onígi yẹn tún ti ṣàìsàn, mo sì ti fẹnu ara mi sọ fún Bàbá pé, "Ẹ wá gbà á lọ́sàn-án Sátidé, sà." Àṣà àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ni: bí ó bá ti kúrò lẹ́nu wa, ó ti kúrò nínú wa. N kò tiẹ̀ rántí mọ́ pé Sátidé ìdíje ni Sátidé náà.

Ọjọ́ pé. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bí olè. Gbọ̀ngàn ti kún. Rẹfirí wa, olùkọ́ eré ìdárayá kan tó so fèrè mọ́ ọrùn, dúró lórí àga, ó ń ka òfin: "Káàdì tó bá bọ́ sílẹ̀, tó sì ṣí ojú, ẹni tó ni ín ti jáde. Kò sí 'ẹ dákun', kò sí 'ọwọ́ mi ló yọ̀'!" Gbogbo wa mọ ohun tó fa òfin yìí. Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan ń ju káàdì sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó sì ń gbé èyí tó dára ju ìyẹn lọ.

Ìdíje kò tíì gbóná tí àwọn ènìyàn ti ń bọ́. Onígbàjámọ̀ kan ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wa, ẹyọ káàdì kan ló kù fún un, àwa tí a kò bá a ta gan-an ti rí i pé ó ti jẹ. Ṣùgbọ́n gúgúrú kún ẹnu rẹ̀ bámú. Ó fẹ́ pariwo "láàsì káàdì", gúgúrú kò jẹ́. Wọ́n rán an lọ sọ́jà, kò sì bọ̀ láti ọjà náà. Bó ṣe ń jáde lọ ló ń jẹ gúgúrú, omi dúró lójú rẹ̀.

Ní tábìlì tèmi, dẹ́rẹ́bà kan láti Modákẹ́kẹ́ ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, nọ́ọ̀sì kan láti Ẹdúnàbọ̀n kọjú sí mi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan wà lọ́wọ́ òsì. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí mú bébà àti bírò wá, gbogbo ohun tí a bá jù ló ń kọ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ títí ó fi gbàgbé pé ó ti kan òun láti jù.

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Akọ̀wé, ó kàn yín o. Àbí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba ná?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń ṣírò ni."

"Ẹ lọ ṣírò lọ́jà. Ẹ bá mi ra ata bọ̀."

Dẹ́rẹ́bà dojú kọ èmi. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Ṣé iná ló gbé yín ni?"

"Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n. Ṣé ọwọ́ mi lẹ bá wá?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ènìyàn dáadáa ni.

Ogún tún bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo wò ó, ó wò mí. Mo sọ fún un nínú ọkàn mi pé lọ́dún yìí, n kò ní sàba lé ọ. Nígbà tó ku káàdì méjì lọ́wọ́ mi, òun àti ìràwọ̀ méje, mo là á mọ́lẹ̀: "Ìràwọ̀ ni mo fẹ́! Láàsì káàdì!" Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ìràwọ̀, ó lọ sọ́jà. Nọ́ọ̀sì náà lọ. Dẹ́rẹ́bà yẹ tọwọ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, òun náà lọ. Ó kàn mí. Ìràwọ̀ méje wà lókè lọ́wọ́ mi. Kí n gbé e kalẹ̀ ló kù, kí n gba tábìlì náà.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà, ohùn tó dà bíi ti rédíò onígi tí ẹnì kan yí sókè dé òpin.

"Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní onírédíò kan wà níbí!"

Bàbá ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó ti bá a ní títì, aránbàtà, kí Ọlọ́run fún un ní ohun tó yẹ ẹ́, sì ti fi ọ̀nà hàn án.

Ká ní ojo ní làákàyè ni, n bá kọ́kọ́ gbé káàdì yẹn kalẹ̀ kí n tó máa bẹ̀rù. Ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń fẹ́. N kò ní in. Ohun tó ti ẹnu mi jáde ni "Àna mi!", mo sì wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: n kò dọ̀bálẹ̀. Mo sá pamọ́ ni. Ọkùnrin odidi, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ń wá ibi tí yóò wọ̀ láàrin bàtà nọ́ọ̀sì àti ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Tábìlì ọmọ ilé ìwé sì ni. Orí àti àyà mi wọlé, ìyókù mi wà níta. Ìràwọ̀ méje yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó fò lọ balẹ̀ níwájú bàtà rẹfirí, ó ṣí ojú sókè, ó ń wo gbogbo wa.

Fèrè dún. Rẹfirí ní, "Káàdì ti ṣí ojú. Ẹ ti jáde, ẹ̀gbọ́n."

Mo ń yí padà lábẹ́ tábìlì bí ejò nínú ìgò, bóyá mo lè gba ọ̀nà ibòmíràn jáde, ni dẹ́rẹ́bà Modákẹ́kẹ́ yẹn bá gbé ohùn sókè: "Ẹ ò rí nǹkan bí? Àna rẹ̀ ló wọlé! Ó ju ẹ̀rọ ìránṣọ nù, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀!" Ariwo ta. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ń ké pé, "Ọmọ tí wọ́n kọ́, tó gba ẹ̀kọ́!" Bí orí mi ṣe yọ jáde lábẹ́ tábìlì nìyẹn, àyà mi lẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, Bàbá sì dúró lé mi lórí. Mo ní, "Ẹ káàsán, sà."

Ó wò mí. Ó wò mí bí ẹni ń fọ́ kòkó.

"Dìde. Rédíò mi dà?"

A jọ rìn láti gbọ̀ngàn náà dé Sábó. Iná wà. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi irin gbígbóná kan ara mi níka. Nígbà tí rédíò sọ̀rọ̀, ó gbọ́ ìròyìn títí dé òpin, ó pa á.

"Káàdì lò ń ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O purọ́ fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lẹ fi ń ta á? Owó?"

"Rárá, sà. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Ti ọmọ yín."

Mo ti ń retí kó sọ pé kí n má tún fojú kan ilé òun mọ́. Ó gbé rédíò rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ní kí àwọn ará ilé rẹ wá rí mi." Ó lọ. Irin ìjó-lẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ mi, ó ń jó tábìlì, n kò mọ̀.

Bí mo ṣe rí ìyàwó fẹ́ nìyẹn. Dẹ́rẹ́bà yẹn ló gba ẹ̀rọ ìránṣọ lọ sí Modákẹ́kẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó sì yẹ ẹ́. Ìyàwó tiwa fi ẹ̀rọ yíyá bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n ìtàn ìdọ̀bálẹ̀ ti délé kí n tó délé. Àwọn àbúrò ìyàwó mi gbọ́ ọ, àwọn ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n gbé e lé mi lórí bí adé. Bàbá nìkan ni kì í dá sí i. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lójú rẹ̀, ńṣe ló máa ń yí rédíò sókè.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìjà bẹ́ láàrin Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìlú dàrú. Gbogbo ayé mọ ìyẹn, n kò ní tún un sọ. Àwọn tó ti jọ ń rán ara wọn lọ sọ́jà nídìí wọ́ọ̀tì kò lè jọ gba títì kan náà kọjá mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ ìdíje. Mo kó ìyàwó mi àti Bàbá lọ sí Ẹdúnàbọ̀n, nínú yàrá kan ṣoṣo tí ojúlùmọ̀ kan yọ̀ǹda fún wa. Bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú títì Ìbàdàn, màá ti dìde. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, màá ti wá bàtà mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, bátìrì rédíò ti kú, Bàbá ń wò mí bí mo ṣe ń lọ, tí mo ń bọ̀ láàrin yàrá.

"Ìwọ onírédíò. Káàdì yẹn dà?"

"Káàdì wo, sà?"

"Èyí tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ. Gbé e wá, kí o sì jókòó. O ti fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbẹ́ kànga sínú yàrá onílé."

Ìyàwó mi, tó ń jẹ àgbàdo lẹ́nu fèrèsé, dá ẹnu dúró. Mo gbé e wá. Bàbá pín in, ó tẹ́ tirẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, bí ẹni tí kò fi ọ̀sẹ̀ kan sinmi rí. Ó rí i pé mo ń wo ọwọ́ òun.

"Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí oko yẹn lọ," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ òun gan-an ní káàdì. Ju tìrẹ."

Mo jù. Òjò ń rọ̀. Mo ròyìn fún un bí mo ṣe sàba lé ogún ní ìdíje ọdún àkọ́kọ́, ó ju tirẹ̀.

"Ìdọ̀bálẹ̀ tó ò ń jẹun lórí ẹ̀ yẹn."

"Sà?"

"Ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀, orí ló ń kọ sí àgbà. Ìwọ, ìdí lo kọ sí mi. Àtẹ́lẹ́sẹ̀ rẹ ni mo kọ́kọ́ rí nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo ní, ta ni ẹlẹ́sẹ̀ yìí tó fẹ́ di eku?"

Àgbàdo gbé ìyàwó mi lọ́fun. Ibi tó ti ń wúkọ́ ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an."

Láti ọjọ́ náà lọ́hùn-ún! Gbogbo bí wọ́n ṣe ń yìn mí, tí mo ń tẹrí ba bí ẹni tó nírẹ̀lẹ̀, àwọn méjèèjì ti mọ̀. Ojú tì mí, mo ní, "Bàbá, bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo purọ́, mo ta káàdì, mo tún sá. Kí ló dé tí ẹ fi fún mi lọ́mọ?"

Kò gbójú sókè nínú káàdì rẹ̀.

"Àwọn méjì ti wá ṣáájú rẹ. Wọn kò bẹ̀rù mi. Wọ́n ń wo ojú mi bí ẹni ń nájà. Mo ní, bí wọ́n bá mú un dénú ilé tán, ta ni wọ́n máa bẹ̀rù? Ẹni tó bẹ̀rù mi débi pé ó lè gbàgbé pé òun ti jẹ, kò ní lè gbọ́wọ́ sókè sí ọmọ mi." Ó ju ọ̀kan sílẹ̀. "Láàsì káàdì."

Táyà kan bẹ́ lójú títì, n kò dìde. Mo lọ sọ́jà, mo bọ̀. Bàbá gbé èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó na ọwọ́.

"Mo ti jẹ. Ó yá, ka tọwọ́ rẹ."

Mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ogún wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti wà láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá wò ó títí, ó yí sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ náà wá wo ọkọ rẹ," ó ní. "Ó tún ti sàba."